Bí a ṣe ń gba ọ̀sà Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ omi ìgbọ̀nsẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé Ìwopin, Mákùn-Omi tàbí Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé omi ẹ̀yìnkùlé òun kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èkìtì ni Odò Ọ̀ṣun ti ń bọ̀. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já, kó tó wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ọnà gba Ìbàdàn kọjá ní tirẹ̀. Àwọn odò kéékèèké Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Rẹ́mọ, ìsàlẹ̀ níhà gúúsù ni gbogbo wọn ń dà sí. Ọ̀sà Lẹ́kí kò sì ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Inú ọ̀sà Èkó ló ń ṣàn sí, ẹnu Èkó ló ti ń bọ́ sókun. Ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ kì í yára lọ.

Ilé tó pọ̀ jù láàárín wa, ṣókàwéè ni wọ́n ń lò. Àmọ́ ilé ìtura ńlá, ẹ́sítéètì, ilé ìwòsàn, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ wọn ló sì yẹ kó ní ibùdó ìtọ́jú omi ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ṣókàwéè ilé kan bá bàjẹ́, kànga àdúgbò ló máa bà jẹ́. Bí ibùdó tó ń gba omi ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá dákú, páìpù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa gbà wọ odò, àwọn tó wà létí omi ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń rò pé bí wọ́n bá ti kọ́ ibùdó náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibùdó tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, páìpù lásán ni. Bí ará àdúgbò, apẹja, olùsìn ẹja tàbí ẹgbẹ́ onílé ṣe lè ṣọ́ ọ nìyí, láìjẹ́ pé ẹ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọ omi náà dé orísun rẹ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe èyí, nígbà tí koríko etí odò ti gbẹ tí omi sì ti fà. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, ẹ tẹ̀ lé odò náà láti ọ̀dọ̀ yín lọ sókè, kí ẹ tó wá fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ mú àgbà apẹja kan dání, torí ó mọ ibi tí ẹja ti ń wà tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì sí lórí fóònù. Gbogbo páìpù tàbí gọ́tà tó bá ń da omi sódò, ẹ sàmì sí i: ibo ló wà, ta ló ni ín, ṣé ojoojúmọ́ ló ń ṣàn àbí ìgbà òjò nìkan. Páìpù tó ń ṣàn láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fura sí i. Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ tó ń fa ṣókàwéè ti ń yà sínú igbó pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wọn kì í gbé ohun tí wọ́n fà dé ibi tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú ibùdó náà

Kò sí bí ẹ ṣe lè bi èèyàn ní ìbéèrè tó mú lórí ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí.

Omi tó ń bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná máa kọ́kọ́ gba asẹ́ irin kọjá. Ibẹ̀ ni àkísà, ọ̀rá, páàdì obìnrin àti ìnujú ọmọ ti ń há. Lẹ́yìn náà ni yanrìn máa rọlẹ̀, tí omi á sì wọ tánkì tí àwọn ohun tó wúwo ti ń sílẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, a kò tíì fọ omi yẹn mọ́. A kàn ṣa ohun tó hàn sójú kúrò nínú rẹ̀ ni.

Tánkì atẹ́gùn ni iṣẹ́ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi tọ̀sán-tòru, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ lè mí, kí wọ́n lè jẹ ẹ̀gbin náà run. Ohun alààyè ni wọ́n. Bí NEPA bá mú iná lọ tí kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, wọn kò ní atẹ́gùn mọ́. Láàárín wákàtí mélòó kan ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n, bó bá sì pẹ́, wọ́n á kú. Iná lè dé padà lónìí, àmọ́ kòkòrò tó kú kò ní jí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí òmíràn tó pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ wa níbí, ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni: kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí kò bá sí iná?

Láti ibẹ̀ ni omi máa lọ sí tánkì kejì, níbi tí àwọn kòkòrò náà ti máa sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí omi òkè á sì tòrò. Wọ́n á dá díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn padà sí tánkì atẹ́gùn kó lè máa ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n á kó ìyókù lọ sá. Omi tó tòrò yẹn á wá gba kílórìn, ó sì yẹ kó bá kílórìn náà gbé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó tó jáde. Bí kílórìn bá kéré, àrùn á kọjá lọ sódò. Bó bá pọ̀ jù, ẹja ló máa pa. Níbi tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́, wọ́n máa ń mú kílórìn tó ṣẹ́ kù kúrò kí omi tó débi ẹja.

Bí wọ́n bá gbà yín láàyè láti wọlé, ẹ wo tánkì atẹ́gùn kí ẹ tó wo ohunkóhun. Omi ibẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú bíi tíì koko bí ara rẹ̀ bá dá, òórùn ilẹ̀ tútù ló máa ń rùn, ìfóòfó rẹ̀ á sì máa ru jákèjádò ojú tánkì. Bí ó bá dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tàbí tó dákẹ́ lápá kan, ẹ̀rọ atẹ́gùn ti ní ìṣòro.

Ẹ wá bẹ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó bu omi tánkì yẹn sínú ìgò funfun tó gba lítà kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ níbi tí kò ti ní mì, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ máa rí i tí àwọ̀ pupa yẹn ń ṣù pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń fà sílẹ̀, tí ìlà kan ń là láàárín òun àti omi òkè. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà bá dúró láàárín ìdá kan nínú márùn-ún sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò láti ìsàlẹ̀, tí omi òkè sì mọ́ débi pé ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀, ibùdó náà ń ṣiṣẹ́. Bó bá wú kọjá ààbọ̀ ìgò tí kò fẹ́ sílẹ̀, òun náà ló ń tú jáde lọ sódò. Bí omi òkè bá rú pátápátá, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú tàbí ó ti kéré jù. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ lọ, torí ojú gbogbo wa ló ń ṣẹlẹ̀, kò gba owó, kò sì ṣeé fi ẹnu yí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ sí ẹnu páìpù ní àkókò tó tọ́

Ẹni tó bá lọ wo páìpù láago méjì ọ̀sán tí iná wà, ó lè má rí nǹkan kan. Ẹ lọ ní ìdájí, torí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú odò máa ń kéré jù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹja tó bá ń jìyà á sì máa yọ ẹnu sókè omi láti mí. Ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń wẹ̀. Ẹ lọ lẹ́yìn tí iná ti lọ fún ìgbà pípẹ́, àti nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀. Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ Ojúde Ọba àti àwọn ọjọ́ tó yí i ká, nígbà tí gbogbo ilé ìtura Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún dẹ́nu. Ibùdó tí wọ́n kọ́ fún àlejò tó wọ́pọ̀ lè má rù ú.

Ohun tí ẹ máa wò: omi eérú tàbí omi dúdú, ìfóòfó tí kì í túká, òórùn, ọ̀rá lójú omi, àti fọ́nrán eérú tó ń yọ̀ tó so mọ́ òkúta àti gbòǹgbò igi nísàlẹ̀ páìpù. Fọ́nrán yẹn kì í hù ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá rí i, ìbàjẹ́ náà ti ń lọ tipẹ́, kódà bí omi ọjọ́ yẹn bá mọ́. Ẹ wo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ kìkì ekòló pupa tín-ín-rín ló kù níbẹ̀, tí edé àti ìṣáwùrú ti pòórá, ọ́síjìn ti tán níbẹ̀ nìyẹn.

Síwájú sí i nísàlẹ̀ odò, ẹ wo ewé. Ìgbọ̀nsẹ̀ kún fún naítírójìn àti fósíféètì, ajílẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì fún ewé orí omi. Láti 1984 ni ewé olódòdó àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ti dé Nàìjíríà láti ìhà Bàdágìrì, ó sì ti tàn dé gbogbo ọ̀sà wa. Àwa tí à ń fi ojúoró tó ń lékè omi ṣàdúrà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé bí ewé bá bo omi mọ́lẹ̀ bí ẹní, oòrùn kò ní wọlé, ẹja abẹ́ rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́, ọkọ̀ apẹja kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Fífà á kúrò dára, àmọ́ bí ohun tó ń bọ́ ọ bá ṣì ń ṣàn wá, ó máa tún hù.

Ojú kan náà ni kí ẹ máa dúró sí ya fọ́tò ní gbogbo ìgbà. Ẹ kọ ọjọ́, aago, bóyá òjò rọ̀, bóyá iná wà, àti ohun tí imú yín gbọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ máa kọ ọ́ sí, kí ó sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bu omi fún àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò lábù ló máa sọ ọ̀rọ̀ yín di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, àfi bí ẹ kò bá bù ú dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá lábù náà. Àwọn ni kó fún yín ní ìgò, torí ìgò tí wọ́n fi ń wá E. coli, kòkòrò àìfojúrí inú ìgbẹ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti se kòkòrò inú rẹ̀ pa. Ìgò omi tí ẹ mu tán kò bójú mu.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti bù ú: òkè odò kí omi tó dé ẹnu páìpù, ẹnu páìpù gan-an, àti ìsàlẹ̀ odò níbi tí omi méjèèjì ti pò pọ̀ tán. Láìsí ti òkè, ẹni tó ni páìpù á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni odò ṣe wà kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, ẹ kò sì ní lè dá a lóhùn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù, kí ẹ máa bọ̀ lọ sókè, kí ẹ má baà rú ẹrẹ̀ sínú omi tí ẹ fẹ́ bù.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò. Bí egbò bá wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ yín, kí ẹlòmíràn bù ú. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan inú ìgò tàbí inú ọmọrí. Ẹ dojú ìgò dé, ẹ tì í wọ abẹ́ omi tó nǹkan bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, ẹ wá yí ẹnu rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, ẹ dé e, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti aago sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó wọn sínú kúlà tó ní yìnyín, kí wọ́n dé lábù láàárín wákàtí 6. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì.

Ọ́síjìn kò ṣeé gbé délé. Etí odò ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú kílórìn tó ṣẹ́ kù àti bí omi ṣe gbóná tó. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ bẹ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja tàbí ìmọ̀ àyíká ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí á máa dúpẹ́.

Ẹ ní kí lábù wo BOD, ìdọ̀tí tó léfòó nínú omi, amóníà, fósíféètì àti E. coli. BOD ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí ẹ̀gbin náà máa gbà lọ́wọ́ odò. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ tí a kò tọ́jú máa ń tó mílígíráàmù 200 sí 300 nínú lítà kan. Ní Amẹ́ríkà, omi tó ń jáde láti ibùdó kò gbọ́dọ̀ ju 30 lọ ní ìpíndọ́gba oṣù, bákan náà ni fún ìdọ̀tí tó léfòó. Ní tiwa, ẹ bèèrè iye tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ ibùdó náà, òun ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́. Ní ti ọ́síjìn odò, bí ó bá ju mílígíráàmù 5 nínú lítà kan lọ, ara ẹja á yá; bó bá lọ sílẹ̀ dé 2, ọ̀pọ̀ ẹja ló máa sá tàbí kú. Ẹja àrọ̀ lè fara dà á torí ó lè mí sórí omi, nítorí náà ẹ má fi àrọ̀ tó ń fò ṣe ẹ̀rí pé omi dára. Ní ti E. coli, omi mímu kò gbọ́dọ̀ ní ẹyọ kan nínú mílílítà 100.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè tún un ṣe

Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ibùdó náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà púpọ̀ ó ti mọ ohun tó bàjẹ́, ó ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ̀rọ kan jó tàbí pé dísù kò tó, kò sì rí èsì. Ẹ má bá a jà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di ẹlẹ́rìí yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ lẹ́tà sí olùdarí, kí CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) tàbí ẹgbẹ́ apẹja fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ààfin, kí ẹ sì gba àmì pé wọ́n ti gbà á.

Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ OGEPA ló ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ wà lábẹ́ Èkó, LASEPA ni ẹ máa kàn sí. Níbi tí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ti ń díjú nìyí: a lè da ẹ̀gbin sódò ní Ògùn kí ó lọ pa ẹja ní Èkó, kí ìpínlẹ̀ kìíní sọ pé ẹja kì í ṣe tòun, kí èkejì sọ pé páìpù kì í ṣe tòun. Bí omi bá ti kọjá ààlà, NESREA tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì dárúkọ ìlànà rẹ̀ ti 2011 lórí omi ojú ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀.

Bí ibùdó náà bá jẹ́ ti ìjọba, tàbí bí èsì àyẹ̀wò bá wà lọ́wọ́ àjọ ìjọba, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún yín láṣẹ láti bèèrè ìwé, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fèsì. Ẹ bèèrè èsì àyẹ̀wò omi tó ń jáde, ìwé àṣẹ, àti ibi tí wọ́n ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Fún ibùdó ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò ipa rẹ̀ lórí àyíká lábẹ́ òfin 1992, kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé orí ilẹ̀.

Ilé ẹjọ́ náà ṣì wà. Abala 245 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tó bá ba omi odò tàbí kànga jẹ́ lè fi oṣù 6 ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2018, nínú ẹjọ́ tí Centre for Oil Pollution Watch pe NNPC, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ àyíká jẹ lógún lè pẹjọ́, kódà bí kì í bá ṣe òun gan-an ni wọ́n ṣe léṣe. Ẹgbẹ́ apẹja kò ní láti dúró kí ìjọba bá a sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ àtúnṣe tí ẹ máa bèèrè fún

Bí ẹ bá kàn ní kí wọ́n "tún un ṣe", wọ́n á da kílórìn púpọ̀ sí i lọ́jọ́ tí ẹ máa wá, òórùn á dínkù, ohunkóhun kò sì yí padà. Ohun tí ẹ máa tẹnu mọ́ ni iná tó ń gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn: sólà àti bátìrì tó lè gbé e ní òru, ẹ̀rọ atẹ́gùn kejì tó wà ní ìmúrasílẹ̀, àti ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí tí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ sí. Ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọ̀rá ti ń dúró kó tó wọ páìpù, kí wọ́n sì máa kó o. Omi òjò òrùlé kò gbọ́dọ̀ wọ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀, torí òun ló ń gbá kòkòrò inú tánkì lọ sódò.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti máa ń yẹ̀ ẹ́. Bí tánkì bá kún tí wọn kò kó o, ó máa bá omi jáde. Ẹ béèrè fún ìwé ọkọ̀ tó gbé e àti ibi tó dà á sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ tà á fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tútù.

Níbi tí ilẹ̀ bá wà, ẹ gbà wọ́n níyànjú pé kí omi tó jáde gba ibi tí wọ́n gbin koríko àti esùsú sí kọjá kó tó dé odò. Kò nílò iná. Kì í rọ́pò ibùdó gidi, àmọ́ ó máa ń gba ohun tó bá ṣèèṣì yọ́ jáde. Ní ti àwa onílé, ṣókàwéè wa gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí a sì máa fà á kó tó kún.

Ní àsìkò tí àtúnṣe kò tíì dé

Ẹ fi pátákó síbi tí páìpù wà, kí ọmọdé má wẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi omi rẹ̀ fọ ẹ̀fọ́ tàbí ẹja. Apẹja kò gbọ́dọ̀ pa ẹja tàbí kó ìṣáwùrú nítòsí rẹ̀. Èyí tí a bá kó níbi tó jìnnà, kó jinná dénú. Àwọn tó ń sin ẹja, bíi ti Èríwe, kí wọ́n ti ẹnu omi tó ń wọ adágún lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ òórùn, kí wọ́n wọn ọ́síjìn kí wọ́n tó ṣí i.

Omi mímu, ẹ sè é kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya omi bí omi ìrẹsì, onígbáméjì lè ni: ẹ pò ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tó dọ́gba létí àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún lemọ́lemọ́ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró kó di ọ̀la.

Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ti tún ibùdó ṣe, ẹ padà lọ bu omi níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan náà, ní aago kan náà, sí lábù kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò kéré tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ la ẹ̀gbin. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí òjò pọ̀, nígbà tí omi máa ń kún tánkì. Ẹ̀ẹ̀kan ní òwúrọ̀ tí iná ti lọ láti àná. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn, kí ẹ so èsì mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún padà wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.